Àga Mẹ́fà àti Ògiri Tó Ń Yíjú

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù keje

Inú ìwé ìwọ̀n Alábẹ́rẹ́ ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí, láti ẹ̀yìn wá síwájú. Tirẹ̀ ni iwájú: ìbú ẹ̀yìn, gígùn itan, orúnkún dé ilẹ̀, kílò. Gbogbo oníbàárà tí a kan àga fún láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀. Èmi ọkọ rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó kú tán, ojú ìwé bíi ogún ṣófo láàárín, mo ní kó má ṣòfò.

Mo lọ rí Ìyá Agbẹ̀bí lónìí nítorí iṣẹ́ pálọ̀ rẹ̀. Alábẹ́rẹ́ ló gba iṣẹ́ náà, oṣù méjì kó tó lọ. Èmi kàn lọ sọ pé a ṣì máa ṣe é ni. “A” ni mo sọ, ó sì ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rántí.

Àga mẹ́fà ni: ọ̀kan fún ìyá, márùn-ún fún àwọn ọmọ rẹ̀ tó fọ́n ká sí ilẹ̀ òkèèrè. Ògiri kan á dojú kọ àwọn àga náà, ewé pákó mẹ́rìndínlógójì lórí rẹ̀, ojú kan dúdú, ojú kejì yẹ́lò. Ẹni tó bá jókòó, ìdí àga rẹ̀ á rọlẹ̀ níwọ̀n ìka kan, okùn á gba abẹ́ pákó ilẹ̀ lọ sẹ́yìn ògiri, ewé mẹ́fà tirẹ̀ á sì yíjú láti dúdú sí yẹ́lò. Bó bá dìde, irin tó wà nínú àpótí lẹ́yìn ògiri á fà wọ́n padà. Kò lo iná mànàmáná rárá. Ìgbà tí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá jókòó nìkan ni gbogbo ògiri máa yẹ́lò. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kó lè yé èmi fúnra mi, torí ẹni tí ó yé tẹ́lẹ̀ ti lọ.

Àwọn ọmọ ń bọ̀ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù tó ń bọ̀. Ó pé ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n ti pé sínú yàrá kan gbẹ̀yìn.

Wẹ́dà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì gbọ́ iṣẹ́ náà, ó mi orí. Ó ní, “Àga mẹ́fà fún obìnrin tó ń dá gbé. Bàbá, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.” Mo ní kó lọ jó irin rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù keje

Irin inú àpótí gbọ́dọ̀ bá kílò ẹni tó ni àga mu. Bó bá pọ̀ jù, ewé ò ní yí. Bó bá kéré jù, ewé á là gbàgà bí ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn tì. Nítorí náà mo lọ gba ìwọ̀n.

Ìyá Agbẹ̀bí ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ń ka kílò àwọn ọmọ rẹ̀ láti orí bí ọmọ iléèwé tó mọ ìṣirò. “Àkọ́bí, mọ́kànlélọ́gọ́ta. Èkejì, méjìléláàádọ́ta.” Ó kà á dé orí àbíkẹ́yìn, ó tún sọ kílò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọ̀n lọ́jọ́ tó bí wọn, bí ẹni pé mo máa lò ó. Mo bi í bóyá ó dá a lójú. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

“Káfíńtà, ọwọ́ yìí ti gba ọmọ tó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ. Ìwọ̀n ni wọ́n.”

“Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, mà?”

“Méjìdínláàádọ́rin. Kò yí padà látìgbà tí mo ti bí àbíkẹ́yìn.”

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Alábẹ́rẹ́ kì í gba ìwọ̀n lẹ́nu ènìyàn. Adájọ́ kan wá nígbà kan, ó ní òun mọ ìbú ẹ̀yìn òun, Alábẹ́rẹ́ ní “Ẹ ṣeun, sà,” ó sì fi téèpù yí i ká. Ṣùgbọ́n báwo ni èmi ṣe fẹ́ sọ fún obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, nínú aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ tó ń gbálẹ̀, pé kó gun orí ìwọ̀n? Iṣẹ́ Alábẹ́rẹ́ nìyẹn. Èmi pákó ni mo mọ̀ ọ́n bá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù keje

Òjò. Okùn ti gbówó lórí, ẹni tó ń tà á sì ń bínú bí ẹni pé èmi ni mo fi owó lé e.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù keje

Ọmọ mi pè, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Ó ní, “Bàámi, ṣé dáadáa lẹ wà?” Mo ní dáadáa ni. Ó tún gbé ọ̀rọ̀ náà dé, pé kí n ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Yàrá kan ń dúró dè mí, ó ní fèrèsé méjì.

Mo bá a dá májẹ̀mú. Mo ní kó jẹ́ kí n parí ògiri yìí. Bó bá yíjú bí màmá rẹ̀ ṣe yà á sórí ìwé, mi ò ní palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, kó má sì bá mi sọ ọ́ mọ́. Bí kò bá yí, mo máa di ayùn mi sínú àpò, mo ń bọ̀. Ó ní ó dáa.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn o.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù keje

Iṣẹ́ ẹni méjì ni iṣẹ́ yìí. Ẹnì kan á jókòó, ẹnì kejì á wà lẹ́yìn ògiri. Alábẹ́rẹ́ á jókòó, á pariwo pé “Ó yí,” tàbí “Ó há,” èmi á máa dáhùn láti ẹ̀yìn. Àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Mo jókòó lónìí, mo sáré lọ sẹ́yìn, ewé ti padà kí n tó débẹ̀. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin bí arìndìn.

Ní ọ̀sán mo rán àpò mẹ́fà, mo rọ iyanrìn kún wọn, mo yá ìwọ̀n tí Wẹ́dà fi ń wọn irin àlòkù, mo sì fún àpò kọ̀ọ̀kan ní kílò tí Ìyá Agbẹ̀bí pè. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ sí wọn lára: Àkọ́bí, Èkejì, Ẹ̀kẹta, Ẹ̀kẹrin, Àbíkẹ́yìn, Ìyá. Wọ́n jókòó dáadáa. Wọn ò ní kí n po tíì fún àwọn.

Ọjọ́rú, 12 oṣù keje

Wẹ́dà yọjú, ó ní, “Bàbá, ta lẹ ń bá wí?”

Àbíkẹ́yìn ni mò ń bá wí, torí ó ń jò sórí tìmùtìmù tuntun. Wẹ́dà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ló wò mí láti òkè délẹ̀, ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun. Irọ́ ni.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù keje

Ewé mẹ́fà àkọ́kọ́ yí. Wọ́n yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, bí àwọn ènìyàn tó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ wọn. Mo jáde láti sọ fún ẹnì kan. Wẹ́dà ti lọ ra gáàsì. Mo wọlé padà.

Ọjọ́rú, 19 oṣù keje

Òjò ò dá. Pákó wú. Ewé mọ́kànlá há. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù keje

Ewé mẹ́rìndínlógún ti há.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù keje

“Bàámi, ṣé dáadáa lẹ wà?” Dáadáa ni. “Ògiri ńkọ́?” Ó ń lọ bó ṣe yẹ. Irọ́ méjì láàárín ìṣẹ́jú kan, èmi tí mo nà án nítorí irọ́ nígbà tó wà ní kékeré.

Lẹ́yìn tó sọ fóònù kalẹ̀ mo ro yàrá onífèrèsé méjì yẹn. Mi ò ní ìkùnsínú sí i. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ jẹ́ níbẹ̀? Bàbá àgbà tó ń bèèrè ibi tí wọ́n gbé ṣíbí sí.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù keje

Kí n kọ ìtìjú mi sílẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí àwòrán iṣẹ́ tí Alábẹ́rẹ́ yà ti wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìṣó mẹ́rin. Mi ò yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò rí. Lónìí ìṣó kan bọ́, bébà náà ṣẹ́ po, mo sì rí ìkọ̀wé rẹ̀ lẹ́yìn: *Má fún wọn pọ̀. Fi àyè sílẹ̀ láàárín ewé méjì. Àsìkò òjò ni wàá ṣe é, mo mọ̀ ọ́.*

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Kì í ṣe nítorí ewé. Ó ti mọ̀ pé èmi nìkan ni màá ṣe é.

Nígbà tí mo dìde mo tú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógójì, mo fi sáńpépà ha etí wọn títí àyè ìka kan fi wà láàárín. Kò sí èyí tó há mọ́. Èjìká ọ̀tún mi ò gbọ́ tèmi mọ́ o.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù kẹjọ

Oòrùn yọ. Èmi àti Wẹ́dà kó gbogbo rẹ̀ lọ sílé Ìyá Agbẹ̀bí. Wẹ́dà ràn mí lọ́wọ́ láti gbé ògiri dúró, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Èmi tú pákó ilẹ̀, mo tẹ́ okùn.

Ìyá Agbẹ̀bí ò yé sọ̀rọ̀. Ó sọ ti ọmọ tó fi ẹsẹ̀ wáyé, ti ìbejì tó jẹ́ pé èkejì nìkan ló sunkún. Ó gbé oúnjẹ fún mi. Mo ní kó wá bá mi jẹ ẹ́, ó ní òun ti jẹun ṣáájú. Mo gbé àwo lọ sí ilé ìdáná. Àwo kan, ife kan, ṣíbí kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Bí tèmi ṣe wà nílé gẹ́lẹ́.

Mo ní kó jókòó sórí àga rẹ̀ kí n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kọ̀ jálẹ̀.

“Kò sẹ́ni tó máa jókòó níbẹ̀ káwọn ọmọ mi tó dé. Àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, lẹ́ẹ̀kan náà.”

Mi ò jà á níyàn. Alábẹ́rẹ́ ìbá jà á níyàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù kẹjọ

Mo kó àwọn àpò iyanrìn lọ, mo gbé wọn jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo gbé ìkẹfà kalẹ̀, ewé tó kù yí, ògiri yẹ́lò láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, oòrùn sì gbà á, pálọ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Ó yí, Alábẹ́rẹ́. Mo sọ ọ́ síta.

Mo wẹ̀yìn, Ìyá Agbẹ̀bí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò wo ògiri. Àwọn àpò ló ń wò. Ó lọ síbi Àbíkẹ́yìn, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ rẹ̀, ó gbé e díẹ̀.

Ó ní, “Bó ṣe rí nìyí.”

Mo fẹ́ kó wọn padà. Ó ní, “Káfíńtà, jọ̀ọ́, jẹ́ kí wọ́n wà síbẹ̀ di ọjọ́ Ẹtì.” Mo fi wọ́n sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 9 oṣù kẹjọ

Mo lọ fi òróró sí ìdí okùn. Ó sọ fún mi, ojú ń tì í díẹ̀, pé òun kí wọn ẹ káàárọ̀ kí òun tó rántí pé iyanrìn ni. Mo ní èmi náà máa ń kí wọn. A ò tún sọ̀rọ̀ kan mọ́, ṣùgbọ́n ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mi ò ti bá ènìyàn sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù kẹjọ

Wọ́n dé lánàá. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí láàárọ̀ yìí pé kí n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo wọ aṣọ funfun mi. Ó ti fẹ̀ jù lọ́rùn.

Àkọ́bí kọ́kọ́ jókòó. Mi ò tíì rí i rí, àpò iyanrìn ni mo mọ̀. Ọkùnrin gbàǹgbà ni, ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Bó ṣe jókòó, ìdí àga rọlẹ̀ gbì, ewé mẹ́fà là gbàgà, igbá ńlá orí tábìlì mì. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

“Màámi, kílò mélòó lẹ sọ fún Bàbá Káfíńtà?”

“Mọ́kànlélọ́gọ́ta.”

“Màámi. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà yẹn.”

Èkejì jókòó, gbàgà. Ẹ̀kẹta, gbàgà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, wọ́n ń dìde wọ́n tún ń jókòó kó lè tún là. Ara mi ń gbóná, ṣùgbọ́n ó yí, kò há, èyí tó là yẹn, irin ló máa tún un ṣe. Àwọn máràárùn-ún jókòó. Ó ku àárín ògiri tó dúdú.

Ìyá Agbẹ̀bí gbá aṣọ rẹ̀ jọ, ó rìn lọ síbẹ̀ bí ìyàwó tuntun, ó jókòó.

Kò sí nǹkan kan. Ewé mẹ́fà àárín dúdú. Ó fi ìdí tẹ àga, ó tún tẹ̀ ẹ́. Àbíkẹ́yìn ní, “Ti Màámi ti bà jẹ́,” wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Mo lọ sẹ́yìn ògiri. Ọkàn mi ti lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ mi àti yàrá rẹ̀. Mo fọwọ́ tọ okùn láti òkè délẹ̀. Kò há níbì kankan. Mo dúró níbẹ̀, òógùn ń sàn lójú mi, ó wá yé mi. Mo yọ irin kan nínú àpótí rẹ̀, mo gbé e sílẹ̀. Irin kan jẹ́ kílò méjì. Ewé ò yí. Mo yọ ìkejì. Mo yọ ìkẹta. Irin máa ń dún lórí pákó ilẹ̀. Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbé ìkẹta sílẹ̀. Nígbà tí mo gbé ìkárùn-ún sílẹ̀, mi ò gbọ́ ẹ̀rín mọ́. Ìkẹfà. Ìkeje. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó yí kí n má tún yọ òmíràn. Ìgbà tí mo yọ ìkẹjọ ni ewé mẹ́fà náà yíjú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò dún rárá.

Ọmọ rẹ̀ kejì, obìnrin, ti wà lẹ́yìn mi. Ó ń wo àwọn irin tó wà nílẹ̀.

“Bàbá, kílò mélòó ni ọ̀kan?”

“Méjì.”

Ó kà wọ́n. Ó padà sí pálọ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú àga ìyá rẹ̀, ó fa apá aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ yẹn sókè, a sì rí ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

“Màámi, gbogbo ọ̀sẹ̀ la máa ń bi yín lórí fóònù. Ẹ ní ẹ ń jẹun.”

“Mò ń jẹun.”

“Kí lẹ ń jẹ?”

Ìyá Agbẹ̀bí wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

“Oúnjẹ ẹnì kan ò ṣeé sè,” ló wí.

Mi ò mọ ibi tí màá dúró. Mo pín irin mẹ́jọ náà sínú àpótí àwọn ọmọ. Kò tó wọn, ṣùgbọ́n ó dín ariwo kù. Ògiri ti yẹ́lò, àyàfi ewé mẹ́fà Èkejì. Kò sẹ́ni tó ń wò ó. Wọ́n ti kúrò lórí àga wọn, wọ́n ti jókòó sílẹ̀ yí ìyá wọn ká, ewé sì ń padà sí dúdú lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi ti ìyá.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù kẹjọ

Mo gbé ìwọ̀n Wẹ́dà lọ. Gbogbo wọn bọ́ bàtà, wọ́n gùn ún. Àkọ́bí, 91. Ẹ̀kẹta, 70. Ìyá, 52. Mi ò gba ìwọ̀n kankan lẹ́nu. Ó pẹ́ jù, mo mọ̀. Mo tún irin gbogbo àpótí tò. Ewé ò là mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 oṣù kẹjọ

Àwọn yòókù ti lọ. Ọmọ kejì ló dúró, ó sì mú ìyá rẹ̀ lọ lónìí. Dókítà ní kò sí àìsàn kan lára rẹ̀ ju ebi àti ìdákẹ́jẹ́ lọ. Ìyá Agbẹ̀bí fi kọ́kọ́rọ́ sí mi lọ́wọ́ lẹ́nu géètì.

“Máa lọ jókòó sórí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí okùn má gan. Mo ń padà bọ̀.”

“Ẹ máa padà, mà.”

Ó di ọwọ́ mi mú, ó gbé e sókè díẹ̀, bó ṣe gbé àpò yẹn. Ó wojú mi. Ó ní, “Káfíńtà, ìwọ náà.” Ọmọ rẹ̀ pè é, ó wọ ọkọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 oṣù kẹsàn-án

Mo lọ sílé náà. Mo ṣí fèrèsé, mo jókòó lórí àga ìyá, ewé mẹ́fà yí. Mo dìde, mo jókòó lórí ti Ẹ̀kẹta, ẹni àádọ́rin kílò. Kò yí. Mo wo okùn, kò há. Mo tún jókòó. Kò yí.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ṣí iwájú ìwé yìí síbi tí Alábẹ́rẹ́ kọ tèmi sí lọ́dún tó kọjá. *Ọkọ mi, 74.* Mo bọ́ bàtà, mo gun ìwọ̀n Wẹ́dà.

Ọ̀kànlélọ́gọ́ta.

Ọjọ́ Àìkú, 3 oṣù kẹsàn-án

“Bàámi, ẹ káàárọ̀. Ṣé dáadáa lẹ wà?”

Ó ti wà lẹ́nu mi, èyí tí mo máa ń sọ. Mo gbé e mì.

Mo ní, “Rárá, ọmọ mi. Ògiri yí o, mi ò palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ṣùgbọ́n kílò mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mo wà. Mẹ́rìnléláàádọ́rin ni màmá rẹ kọ sílẹ̀.”

Mo gbọ́ tó fa àga, tó jókòó.

“Kí lẹ ń jẹ?”

“Oúnjẹ ẹnì kan ò ṣeé sè.”

Kò bá mi wí. Ó ní, “Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.” Lẹ́yìn náà ló ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun á lo ọ̀sẹ̀ méjì, kì í ṣe láti wá kó ẹrù mi, láti wá dáná ni. Mo ní màá kan àga kan fún un kó tó dé, ó yẹ kó ní àga nílé yìí. Ó ní ìwọ̀n òun ṣì wà nínú ìwé màmá òun. Mo ní mi ò gba ìwọ̀n ẹnu, mi ò gba ti inú ìwé, ó máa gun orí ìwọ̀n Wẹ́dà ni.

“Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gùn ún, lójú mi.”

Mo ní ó dáa.

Ojú ìwé kan ló kù láàárín tèmi àti ti Alábẹ́rẹ́. Mi ò ní kọ nǹkan kan sí i. Mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ Àbámẹ́ta.